Ṣé Oyìngbò ṣì tó í lọ wò, àbí orúkọ lásán ló kù?

Ará Mọ́níyà béèrè:

Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní àwọn fẹ́ lo ọjọ́ kan ní Oyìngbò: kí wọ́n ra oúnjẹ, kí wọ́n jẹun níbẹ̀, kí wọ́n sì rìn yí Èbúté Mẹ́ta ká. Gbogbo ayé ló ń pa á lówe pé Oyìngbò ò mọ̀ pé ẹnìkan ò wá, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Sùúrùlérè ní orúkọ lásán ló kù, pé ilé alájà tí ìjọba kọ́ ti pa ọjà náà, pé bó bá jẹ́ oúnjẹ la fẹ́ rà, ká kọjá sí Mile 12. Ṣé òótọ́ ni? Bí kì í bá ṣe òótọ́, aago mélòó ni ká dé ibẹ̀? Ibo ni ká gbà wọlé? Kí ni ká rà, kí ni ká má rà? Ọkọ̀ ojú irin la fẹ́ wọ̀ lọ, òun náà la fẹ́ wọ̀ bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé ká ṣọ́ra, ẹ ṣàlàyé.

* * *

Ọmọ Coates Street:

Ilé ni ọ̀rẹ́ yín ń wò, kò wo ọjà. Ilé alájà yẹn, Fáṣọlá ló ṣí i ní 2015, lẹ́yìn tí iṣẹ́ rẹ̀ ti dúró fún ọdún gbọọrọ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kún. Bí èèyàn bá ṣe ń gòkè ni oníbàárà ń dín kù, torí ẹni tó wá ra ata rodo àti ewédú kì í gun àtẹ̀gùn kó tó rí i. Obìnrin tó bá gba ìsọ̀ lókè tí ẹnikẹ́ni ò gòkè wá bá a, ó di dandan kó sọ̀ kalẹ̀ síbi tí ẹsẹ̀ èèyàn wà. Ìyẹn ni ọjà fi tú jáde sí ẹ̀gbẹ́ ilé náà, sí etí Apapa Road, sí Coates Street, títí dé ìtòsí Murtala Muhammed Way. Ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà ilé alájà wọlé, tó gòkè, tó rí ìsọ̀ títì, á padà lọ sọ pé Oyìngbò ti kú. Ẹ̀gbẹ́ ilé náà ló yẹ kó wò.

Nítorí náà, ẹ má fi ilé náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ rìn yí i ká lẹ́ẹ̀kan láìra nǹkan kan. Ẹ wo ibi tí aláta kó jọ sí, ibi tí ẹlẹ́ja wà, ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀fọ́ àti ewé. Ẹ gbọ́ iye tí èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ń pe nǹkan kan náà. Ogún ìṣẹ́jú tó fún èyí. Lẹ́yìn rẹ̀ lẹ máa mọ ibi tí ẹ ó ti na owó.

Ohun kan tí àlejò kì í mọ̀: títà lójú pópó lòdì sófin. Àwọn òṣìṣẹ́ LAGESC, ẹ̀ṣọ́ ìmọ́tótó àyíká ti ìjọba Èkó tí gbogbo èèyàn ṣì ń pè ní KAI, máa ń wá kó ẹrù. Bí ẹ bá ṣàdédé rí i tí àwọn obìnrin ń gbé àtẹ sáré, ẹ má bá wọn sáré. Ẹ fẹ̀yìn ti ògiri tàbí kí ẹ wọ inú ìsọ̀ kan, ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ fún ẹni tó wà lójú títì ní owó ńlá kó lọ ṣẹ́ ẹ wá. Bí ìsáré bá dé, owó yín ti lọ nìyẹn, kò sì ní jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ jí i.

* * *

Aláròóbọ̀:

Ọ̀rọ̀ Mile 12 yìí, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Òótọ́ ni pé ibẹ̀ ni tòmátò àti ata láti Òkè Ọya ń já sí, àti pé púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà ní Oyìngbò, Mile 12 ló ti wá. Ṣùgbọ́n odindi apẹ̀rẹ̀ ni èrè Mile 12 wà. Ẹni tó fẹ́ ra ti ẹgbẹ̀rún díẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọjà ni yóò ti rà á lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ́ apẹ̀rẹ̀ sí kékeré, iye tó máa san sì sún mọ́ ti Oyìngbò. Kó owó ọkọ̀ àti wákàtí inú gósíló kún un, ẹ̀dínwó ti tán. Àfi bí ẹ̀yin mẹ́rin tàbí márùn-ún bá fẹ́ dá owó ra apẹ̀rẹ̀ kan pín.

Bí ẹ bá sì rà á ní apẹ̀rẹ̀, ẹ mọ̀ pé èyí tó wà nísàlẹ̀ ti fọ́. Ìrìn láti Kánò tàbí Kàdúná pẹ́, apẹ̀rẹ̀ á sì gun orí ara wọn nínú ọkọ̀. Èyí tó fọ́ yẹn là ń pè ní ẹ̀ṣà. Kò sí ohun tó burú nínú ẹ̀ṣà bí ẹ bá máa sè é lọ́jọ́ náà: ó pọ́n, ó sì rọjú. Èyí tó ti hu funfun, tàbí tó ń rùn bí ọtí, ẹ fi sílẹ̀.

Àsìkò náà ṣe pàtàkì ju ọjà lọ. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta ni tòmátò Òkè Ọya pọ̀ jù. Tó bá di àárín oṣù Kẹrin sí oṣù Keje, ó máa wọ́n ní Oyìngbò, á wọ́n ní Mile 12. Ní 2016, kòkòrò *Tuta absoluta* jẹ oko tòmátò ní Kàdúná débi tí apẹ̀rẹ̀ kan fi di ohun tí àwọn aláṣè ń kó owó jọ rà. Lásìkò òjò, tòmátò ìbílẹ̀ ti ìhà ọ̀dọ̀ wa ni ẹ máa rí: ó kan díẹ̀, omi rẹ̀ pọ̀. Ẹ sè é pẹ́ kó tó kan epo.

* * *

Ìyá Ẹlẹ́ja:

Gbogbo yín ń jà lórí tòmátò. Ìbàdàn ni ẹni tó béèrè ti ń bọ̀! Kí ló fẹ́ fi tòmátò Èkó ṣe? Bódìjà wà nílé, tó kún fún iṣu, èlùbọ́ àti ẹ̀wà láti Òkè Ògùn àti ibòmíràn. Kò sí ìdí kankan tí ẹni tó wá láti Ìbàdàn fi máa ra iṣu ní Oyìngbò gbé padà. Ohun tó bá wá láti inú òkun, inú ọ̀sà àti etí òkun ni kó rà:

Edé. Ẹ bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fọ́n ọn, ẹ wò bóyá iyanrìn ṣẹ́kù lọ́wọ́. Ẹ fi eyín gé ọ̀kan: tó bá gbẹ dáadáa, á dún. Tó bá ń tẹ̀ bí awọ, omi wà nínú rẹ̀, ẹ ń sanwó omi nìyẹn, á sì hu kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì.

Akàn. Láàyè nìkan. Ẹ jẹ́ kó mi ẹsẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Akàn tó ti kú kì í pẹ́ bàjẹ́, kò sì sí bí ata ṣe máa bo òórùn rẹ̀.

Ìṣáwùrú. Ìkarahun ló pọ̀ nínú kóńgò, ẹran inú rẹ̀ kéré. Bí ẹni tó ń tà á bá ti gé ìdí rẹ̀, ó dáa, ẹ ó rí ẹran fà jáde. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi kó tu iyanrìn, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́.

Ẹja yíyan. Ẹ ṣẹ́ ọ̀kan sí méjì lójú ẹni tó ń tà á. Òde lè gbẹ kí inú ṣì rọ̀. Bí ó bá rọ̀ nínú, ẹ mọ̀ pé ẹ ní láti tún un yan bí ẹ bá délé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìdin á wọ̀ ọ́. Ẹ wo abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ ni kòkòrò ń sá sí.

Àgbọn Àgbádárìgì náà dáa. Ẹ mì í létí: omi gbọ́dọ̀ dún nínú rẹ̀. Èyí tí ojú rẹ̀ bá tutù ti ń jò.

Ewé àfáǹgì, ọ̀hà àti ùsísà wà ní Oyìngbò dáadáa, torí gbogbo ẹ̀yà ló ń gbé àgbègbè yìí, tó sì ń ná ọjà yìí. Ewé tí wọ́n ti gé sílẹ̀ kì í dúró. Ẹ ra odindi, kí ẹ gé e nílé.

* * *

Olùgbé Adékúnlé:

Ìyá Ẹlẹ́ja, mo bá yín wí díẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹja tútù gan-an, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò nínú ọ̀sà, ọjà ẹja Mákòókò kò jìnnà, ibẹ̀ ni kí wọ́n lọ. Kótè, títù àti pánlá tó wà ní Oyìngbò, inú yìnyín ni púpọ̀ nínú wọn ti wá.

* * *

Ìyá Ẹlẹ́ja:

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àlejò tó ní ọjọ́ kan péré, tó sì fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin padà, kí ló fẹ́ fi ẹja tó ń jò omi ṣe nínú ọkọ̀ èrò? Ẹja yíyan àti edé ló bá a mu. Bó bá rin kinkin mọ́ ẹja tútù: kí ojú rẹ̀ tàn, kí ibi tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí pupa, kí ẹran rẹ̀ gbéra padà bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ẹja inú yìnyín tí omi pupa ti gbá jọ sí nísàlẹ̀ páálí, ó ti yọ́ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó tún un dì. Ẹ kọjá lára rẹ̀.

* * *

Ará Mọ́níyà:

Ẹ ṣeun gan-an. Ìyá, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ìbéèrè méjì: àwọn èèyàn máa ń sọ pé kóńgò Èkó kéré ju ti Ìbàdàn lọ, ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ̀gbọ́n mi sì fẹ́ lọ ata níbẹ̀ gbé lọ sílé. Ṣé ó bójú mu?

* * *

Aláròóbọ̀:

Kóńgò kò ní ìlú. Ọwọ́ ẹni tó ń wọ̀n ló ní i. Kóńgò ìrẹsì tó dáa máa ń sún mọ́ kílò kan ààbọ̀, dẹ́ríkà kan sì sún mọ́ kílò kan. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dín in kù kò ju mẹ́rin lọ, bí ẹ bá sì mọ̀ wọ́n, ojú yín á là.

Àkọ́kọ́, wọ́n á fi òòlù lu ìdí agolo wọnú. Ẹ ní kí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ẹ wo ìdí rẹ̀. Èkejì, wọ́n á yọ́ àbẹ́là tàbí kí wọ́n tẹ́ páálí sínú rẹ̀. Ẹ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ̀kẹta, wọ́n á fún ẹ̀gbẹ́ agolo pọ̀ kó má rí róbótó mọ́, tó sì jẹ́ pé lójú, ó ṣì ga bó ṣe yẹ. Ẹ̀kẹrin ni ó wọ́pọ̀ jù, kò sì sí ohun tí wọ́n ṣe sí agolo náà rárá: wọ́n á da gàrí láti òkè lẹ́rọ̀lẹ́rọ̀ kí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, wọ́n á wá yára gbé e dànù sínú àpò yín kó tó jókòó. Ẹ ní kí wọ́n gbọn kóńgò náà lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó fi òkìtì lé e. Ẹni tó ń ṣòwò òótọ́ kì í bínú sí i.

Bí ẹ bá fẹ́ yanjú rẹ̀ pátápátá, ẹ mú òṣùwọ̀n kékeré oníkọ́ dání, irú èyí tí àwọn arìnrìn-àjò fi ń wọn báàgì. Ẹ ra kóńgò kan, ẹ gbé e kọ́. Bó bá pé, ẹ padà ra márùn-ún lọ́dọ̀ ẹni yẹn. Kò sí ariwo nínú rẹ̀.

Kí ẹ sì tọrọ èènì. Bí ẹ bá ra nǹkan tó pọ̀, èènì ni ẹ̀tọ́ yín. Ẹni tí kò bá fẹ́ dín owó kù lè bu ata méje lé e.

* * *

Olùgbé Adékúnlé:

Ti òṣùwọ̀n oníkọ́ yẹn, mi ò fara mọ́ ọn fún àlejò. Bí ẹ bá fa òṣùwọ̀n yọ níwájú ìyá àgbàlagbà kan, ẹ ti pè é ní olè kó tó sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn àlejò kí i dáadáa ná, "ẹ kú ọjà o, ẹ kú àtà o," kí wọ́n sì ra nǹkan kékeré lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ni kí wọ́n ti wọ̀n ọ́n.

* * *

Aláròóbọ̀:

Mo gbà. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ wọ̀n ọ́n.

* * *

Ọmọ Coates Street:

Ti ata lílọ̀: ẹ má lọ̀ ọ́ bí ẹ bá ń padà sí Ìbàdàn lọ́jọ́ yẹn. Ata lílọ̀ tútù nínú ooru Èkó máa bẹ̀rẹ̀ sí í kan láàárín wákàtí mélòó kan, á fẹ́ ike, á tú ìdérí rẹ̀, gbogbo báàgì á pupa. Ata tí kò tíì di lílọ̀ máa dé Ìbàdàn láìsí wàhálà bí ẹ bá tọ́jú rẹ̀ síbi tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀.

Fún ẹni tó máa lọ̀ ọ́ tó sì ń gbé nítòsí: ẹ wò ohun tí ẹ̀rọ náà lọ̀ gbẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ ẹ̀wà, tàbí ata gbígbẹ, tàbí ẹ̀gúsí, ata yín á mú òórùn rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n da omi sí i kó ṣàn. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ irin ìlọ̀ ẹ̀rọ náà (tí wọ́n ń pè ní òkúta) tàbí tí wọ́n fún un le jù, irin máa ń já sínú ata. Ẹ wo omi tó kọ́kọ́ jáde: bí ó bá dúdú bí eérú, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ fọ ata yín fúnra yín, torí omi inú ike ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ti fọ ata ọ̀pọ̀ èèyàn.

* * *

Bàbá Rélùwéè:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì tíì dáhùn apá kejì ìbéèrè náà: àdúgbò náà fúnra rẹ̀. Ọjà yìí kò ṣàdédé wà níbí. Iṣẹ́ rélùwéè bẹ̀rẹ̀ ní 1896. Ọ̀nà irin dé Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kẹta 1901. Nígbà tó fi di 1912, ọkọ̀ ti ń rìn láti Èkó dé Kánò. Ìddó ni irin parí sí, Oyìngbò sì wà lẹ́bàá rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920 ni ibẹ̀ di ibi tí wọ́n ń já irè oko sí, nígbà tó sì máa fi di àwọn ọdún 1930, èrò ti pọ̀ jù fún àyè tó wà. Ọkọ̀ ojú irin ló bọ́ ọjà náà dàgbà. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ìbàdàn wá sí Oyìngbò, ojú ọ̀nà tí iṣu àti gàrí gbà wá ló gbà.

Òpópónà tó tọ́ gbọnrangandan ní Èbúté Mẹ́ta, tó gé ara wọn ní igun mẹ́rin mẹ́rin, ní ìtàn tiẹ̀. Ní 1867, lásìkò Ìfọ́lé, nígbà tí wọ́n lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere jáde ní Abẹ́òkúta, àwọn Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ sá wá sí Èkó, Glover, tó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, sì fún wọn ní ilẹ̀ níbẹ̀. Ẹ rìn gba Coates Street tàbí Denton Street, ẹ ó rí bí wọ́n ṣe pín in. Ilé àtijọ́ ṣì ṣẹ́kù láàárín àwọn ilé tuntun, ṣùgbọ́n wọ́n ń tán lọ, ó sì ń dùn mí.

Nínú ọgbà rélùwéè ni Jaekel House wà, ilé àtijọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1898. Àwọn ẹgbẹ́ Legacy, tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́, tún un ṣe, wọ́n sì sọ ọ́ di ilé àkójọ ohun ìrántí rélùwéè. Ọgbà iṣẹ́ ìjọba ni, kì í ṣe ibi tí èèyàn kàn ń rìn wọ̀. Ẹ béèrè lọ́nà ẹnu géètì, ẹ fi káàdì ìdánimọ̀ dání, kí ẹ sì kọ́kọ́ kàn sí wọn kí ẹ tó kúrò n'Ìbàdàn. Mo rò pé ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ lọ kí ẹ tó wọ ọjà, torí ẹni tó bá gbé edé àti akàn dání kò lè wọ ilé ohun ìrántí.

* * *

Olùgbé Adékúnlé:

Bàbá, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló kù. Ẹ jẹ́ kí n là á, torí èèyàn ń da ọkọ̀ méjì pọ̀.

Ọkọ̀ Ìbàdàn, ti ìjọba àpapọ̀, láti ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọ́níyà, ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Alágòmẹ́jì ló ń já èèyàn sí. Ìrìn náà tó bíi wákàtí méjì ààbọ̀. Alágòmẹ́jì kì í ṣe Oyìngbò. Ẹ wọ kẹ̀kẹ́ tàbí bọ́ọ̀sì gba Herbert Macaulay Way. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le lè fẹsẹ̀ rìn ín.

Red Line, ti ìjọba Èkó, láti Àgbádó dé Oyìngbò ló ń lọ, ibùdókọ̀ mẹ́jọ. Ní oṣù Kẹwàá 2024 ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Èyí ló wà fún ẹni tó bá sùn sí Agége, Ìkẹjà tàbí Oṣòdì, torí ẹnu ọjà gan-an ló ń já èèyàn sí. Káàdì Cowry ni wọ́n ń gbà. Ẹ ra káàdì, ẹ kó owó sí i kí ẹ tó dórí ìlà. Ìgbà tó ń rìn lóòjọ́ kò pọ̀, nítorí náà ẹ wo àkókò rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ má gbé mọ́tò wá. Bó bá di dandan, ẹ wọ ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ẹni tó bá dúró "ìṣẹ́jú kan péré" lórí Murtala Muhammed Way, àwọn LASTMA tó ń darí ọkọ̀ l'Ékòó á fà á lọ.

* * *

Ọmọ Coates Street:

Ọjọ́ àti àkókò. Ẹ má wá ní Ọjọ́bọ̀ ní òwúrọ̀. Ọjọ́ ìmọ́tótó ọjà ni, ìsọ̀ púpọ̀ kì í ṣí títí di bíi aago mẹ́wàá. Ìjọba kò sì fi ìmọ́tótó ṣeré: ní 2024 wọ́n ti Oyìngbò pa fún ìgbà díẹ̀ nítorí pàǹtí. Àwọn kan máa ní Sátidé ló dùn jù. Òótọ́ ni pé ó kún jù, ṣùgbọ́n ọ̀kan náà kọ́ ni kíkún àti dídùn fún ẹni tó mú ọmọ dání. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú ni mo máa mú. Bó bá jẹ́ Sátidé ló rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ dé kó tó di aago mẹ́jọ. Ọkọ̀ Ìbàdàn ò lè gbé yín débẹ̀ nígbà yẹn, ìyẹn ni pé kí ẹ sun Èkó lálẹ́ Jímọ̀.

Láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀fọ́ máa ń rọjú, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé ṣọkọ tó ti ń rọ padà sílé. Bí ẹ bá máa sè é lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ dúró. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tàárọ̀ ni.

Bàtà tó dé èèyàn lẹ́sẹ̀ ni kí wọ́n wọ̀, kì í ṣe sálúbàtà. Bí òjò bá rọ̀, omi ẹja àti ẹrẹ̀ dàpọ̀ nílẹ̀. Fóònù sí àpò iwájú. Kí wọ́n tọrọ àyè kí wọ́n tó ya fọ́tò ẹnikẹ́ni. Ẹni tí wọ́n ti ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ sábà máa ń gbà.

* * *

Olóúnjẹ Yábàá:

Oúnjẹ jíjẹ ńkọ́? Gbogbo èèyàn fò ó.

Ní òwúrọ̀, ẹ̀wà àgányìn àti búrẹ́dì Agége. Ẹ wo ata rẹ̀ kí ẹ tó wo ẹ̀wà. Ata gbígbẹ àti àlùbọ́sà ni wọ́n fi ń din ín nínú epo pupa tí wọ́n ti yọ́ títí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣí. Ó yẹ kó dúdú, kó máa tàn, kí epo léfòó lórí rẹ̀, kí ó má sì korò. Bó bá korò, àlùbọ́sà ló jóná. Bó bá pupa fòò, wọn ò yọ́ epo rẹ̀ tó. Ẹ̀wà náà gbọ́dọ̀ fọ́ lábẹ́ ṣíbí láìsí pé ẹ tẹ̀ ẹ́.

Ní ọ̀sán, bùkà. Ẹ tẹ̀ lé àwọn alábàárù àti awakọ̀, ibi tí wọ́n bá tò sí ni oúnjẹ ti ń tán kí ó tó di tútù. Ẹ jẹun láàárín aago méjìlá sí méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ọbẹ̀ tí wọ́n ń fi omi tún gbé kaná ni ẹ máa jẹ. Fún ọmọ tó wá láti òkè òkun, ẹ ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ tó ń hó, kí omi rẹ̀ jẹ́ èyí tó wà nínú ike tí wọn ò tíì ṣí, ẹ má sì fún un ní èso tí wọ́n ti gé sílẹ̀ sínú nylon. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn tí ẹ bó fúnra yín ló dáa. Ẹ ṣọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n rokoṣo lára tí ìdí ìdì rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kẹ́míkà kábáìdì ni wọ́n fi mú un pọ́n, inú rẹ̀ máa ń le.

* * *

Ará Mọ́níyà:

Mo ti gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, èwo la ó kọ́kọ́ rà? Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní ẹrù wúwo ni ká kọ́kọ́ rà, ká fi sọ́dọ̀ ọlọ́jà, ká wá rìn kiri.

* * *

Aláròóbọ̀:

Ẹ má fi ẹrù sọ́dọ̀ ẹni tó wà lójú títì. Ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ KAI. Ẹni tó ní ìsọ̀ tó ń tì, ìyẹn ṣeé fi ẹrù sọ́dọ̀ rẹ̀, bí ẹ bá ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹ sì béèrè aago tó ń tìlẹ̀kùn.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò ra iṣu, kò sí ẹrù tó wúwo. Àgbọn ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, lẹ́yìn náà edé àti ẹja yíyan, lẹ́yìn náà ìṣáwùrú, ewé ló tẹ̀ lé e, akàn sì kẹ́yìn, ní ìdajì wákàtí kí ẹ tó kúrò lọ́jà. Bí ẹ bá gba alábàárù, ẹ fi ẹnu kò lórí owó kó tó gbé e, ẹ sọ ibi tó ń gbé e dé gan-an, ẹ sì máa rìn lẹ́yìn rẹ̀, kó má ṣe pé òun ló ń rìn lẹ́yìn yín.

Ẹ mú àpò wá láti ilé. Láti ọjọ́ 1 oṣù Keje 2025 ni Èkó ti fòfin de nylon fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan. Àwọn kan ṣì ń lò ó, àwọn mìíràn á ní kí ẹ ra àpò. Ghana-must-go kan fún àgbọn àti ẹja gbígbẹ, apẹ̀rẹ̀ kan fún ewé, kúlà kékeré kan tó ní ìdérí fún akàn.

* * *

Ìyá Ẹlẹ́ja:

Àkíyèsí lórí akàn inú kúlà: ẹ má da omi sí i, ẹ má sì jẹ́ kó rì sínú yìnyín tó ń yọ́, ó máa kú. Aṣọ tó tutù ni kí ẹ tẹ́ sísàlẹ̀ àti sórí rẹ̀, kí yìnyín wà nínú ike tó dé pa lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ sì ṣí ìdérí díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó lè mí. Kí ẹni tó ń tà á bá yín fi okùn di ẹ̀mú rẹ̀. Bí ẹ bá dé Mọ́níyà, èyí tí kò bá mi ẹsẹ̀ mọ́, ẹ yọ ọ́ sọnù. Ìyókù, inú ìkòkò lálẹ́ ọjọ́ náà.